Iṣẹ́ ọdún méjì ní ilẹ̀ Lárúbáwá: ìtọ́sọ́nà fún ọ̀dọ́ abúlé àti àwọn òbí wọn

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ọ̀dọ́ tó ń gbé ní abúlé tàbí ìlú kékeré ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ẹnìkan ti wá bá pé iṣẹ́ inú ilé, ìtọ́jú arúgbó, iṣẹ́ ìmọ́tótó tàbí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ń bẹ ní Kàtár, Kùwéìtì, Sáúdí Arábíà, Dùbáì, Òmán tàbí Lẹ́bánọ́nì, pé ọdún méjì péré ni, àti pé owó ibẹ̀ dára. Ó wà fún àwọn òbí pẹ̀lú, nítorí àwọn ló sábà máa ń ta ilẹ̀ tàbí yá owó kí irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ tó lè ṣeé ṣe. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ, nítorí àwọn kan ti lọ, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n sì padà wá fi owó wọn dá òwò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń pinnu bí ọdún méjì náà yóò ṣe rí, ilé ni a sì ti ń yanjú méjèèjì kí a tó dé pápákọ̀ òfurufú: ẹni tí ìwé yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí ẹ jẹ lówó.

Kí ẹ tó wo òkè òkun, ẹ wo ìtòsí

Iṣẹ́ ajé ní ìlú àjèjì kì í ṣe ohun tuntun fún wa. Àwọn ará Ẹjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń lọ sí Abidjan láti ìran dé ìran, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní ìlú wọn, ọkọ̀ sì ń gbéra láti ibẹ̀ lọ sí Côte d'Ivoire. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ọwọ́ tàbí tó mọ ọjà tà lè lọ bẹ́ẹ̀ láìgba físà, nítorí pé àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà láṣẹ láti wọ òmíràn fún 90 ọjọ́, kí ó tó di pé yóò gba ìwé ìgbélùú. Lójú tèmi, aránṣọ tàbí oníṣòwò tó ní ìbátan ní Abidjan ti ní ohun tí alárinà kankan kò lè fún un ní Muscat, olú-ìlú Òmán, èyíinì ni agboolé tí a mọ̀, tí yóò dáhùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú kékeré wo ìwé ìgbélùú nítorí pé ìlú náà sún mọ́ ilé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀, fi ṣọ́ọ̀bù àti ọjà sílẹ̀ wálé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣírò owó náà sórí ìwé

Alárinà yóò sọ iye owó oṣù fún yín ní náírà, nítorí pé ó máa ń dùn létí bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ ní owó ìlú tí ẹ ń lọ. Ní Kàtár, láti oṣù Kẹta ọdún 2021, owó oṣù òṣìṣẹ́ kankan, títí kan ti inú ilé, kò gbọdọ̀ dín ní 1,000 ríyàlì. Ọ̀gá tí kò bá sì pèsè oúnjẹ àti ibùgbé gbọ́dọ̀ fi 300 ríyàlì kún un fún oúnjẹ àti 500 fún ilé. Ní Kùwéìtì, 60 dínárì ni iye tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ inú ilé. Bí iye tí wọ́n dárúkọ fún yín bá kéré sí èyí, ẹ mọ̀ pé òfin ìlú yẹn kò mọ̀ nípa àdéhùn náà.

Ẹ jẹ́ ká fi Kàtár ṣe àpẹẹrẹ. Ríyàlì 3.64 ló ń jẹ́ dọ́là kan, nítorí náà 1,000 ríyàlì jẹ́ nǹkan bíi 275 dọ́là. Ká ní òṣìṣẹ́ náà ń ná 150 ríyàlì lóṣù sórí fóònù, ọṣẹ, oògùn àti aṣọ, tó sì ń fi 850 tó kù ránṣẹ́ sílé. Bí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà, èyí jẹ́ nǹkan bíi 350,000 náírà. Ká tún ní àwọn òbí yá mílíọ̀nù méjì náírà lọ́wọ́ olówó èlé, ní èlé náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Ní oṣù àkọ́kọ́, 200,000 nínú owó yẹn ni èlé nìkan yóò gbé mì. Bí gbogbo owó tó ń wálé bá tilẹ̀ ń lọ tààrà sọ́dọ̀ olówó èlé, tí ẹnikẹ́ni kò fi kọ́bọ̀ kan ra gàárì nínú rẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án ni yóò gbà kí gbèsè náà tó tán. Bẹ́ẹ̀, èlé kì í dúró de ọkọ̀ òfurufú: bí físà bá pẹ́ oṣù mẹ́ta kó tó jáde, oṣù mẹ́ta náà wà nínú ìṣirò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ohun tí ẹni náà ì bá pa láàárín ọdún méjì nílé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: oko, iṣẹ́ ọwọ́, ọjà. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò bá tó ohun tí ẹ lè fi ṣe nǹkan kan pàtó tí ẹ lè dárúkọ, bí ẹ̀rọ ìránṣọ, ilẹ̀ tàbí owó ilé ìwé ọmọ, ìrìnàjò náà kò tíì yẹ ní lílọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ má ṣe fi ara yín ṣe ìdógò fún owó

Orí èyí ni mo fẹ́ dúró lé pẹ́, nítorí pé òun ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀ wàhálà. Ní Kàtár àti ní Dùbáì, òfin sọ pé ọ̀gá tó ń gba òṣìṣẹ́ inú ilé ló ń san owó ìgbanisíṣẹ́, kì í ṣe òṣìṣẹ́ náà. Owó tó tọ́ kí ẹ san fúnra yín ni ti páspọ́ọ̀tù, ti àyẹ̀wò ara àti ti ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ láti abúlé dé Èkó. Bí alárinà bá béèrè mílíọ̀nù kan tàbí méjì fún «físà», ó ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì tún fẹ́ gba tiyín, tàbí kí ó jẹ́ pé kò sí ọ̀gá kankan rárá.

Oríṣi alárinà kejì ló ń dẹkùn mú àwọn ará abúlé jù, nítorí pé wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín nílé, ṣùgbọ́n wọ́n á sọ, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé ọ̀hún, pé owó oṣù mẹ́fà tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ ti alárinà. Àwọn bàbá wa mọ irú àdéhùn yìí dáadáa. Ìwọ̀fà ni: olówó ń jẹ iṣẹ́ ẹni náà gẹ́gẹ́ bí èlé, iṣẹ́ kò sì dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè. Ẹ béèrè ní tààrà, kí ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀: «Ta ló san tíkẹ́ẹ̀tì mi, èló ni, báwo ni yóò ṣe gbà á padà, ọjọ́ wo ni yóò sì tán?» Ẹ gba ìdáhùn náà ní kíkọ, kí alárinà fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n bá mú ọ̀ràn ìbúra wọ̀ ọ́, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Bó jẹ́ ojúbọ ni, bó jẹ́ orí Kùránì tàbí Bíbélì, agbanisíṣẹ́ tòótọ́ kì í mú òṣìṣẹ́ lọ búra pé kò ní sá, kò sì ní sọ fún ọlọ́pàá. Ẹni tó bá ti búra tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀rù sì ń bà á, kí ó mọ̀ pé ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Benin pe àwọn olójúbọ ìlú rẹ̀ jọ, ó sì kéde pé gbogbo ìbúra tí àwọn oníṣòwò ènìyàn fi de àwọn ọmọbìnrin ti dópin. Kò sí ilé ẹjọ́ kankan ní Nàìjíríà tí yóò dá irú gbèsè bẹ́ẹ̀ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ olówó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wádìí ẹni tó fẹ́ mú yín lọ

Ẹni tó ń wá bá yín ní abúlé kì í sábà jẹ́ àjèjì. Ó lè jẹ́ àbúrò ìyá, ọmọ ìjọ, tàbí ọmọbìnrin kan tó ti lọ rí, tó wọ aṣọ dáadáa dé láti ìrìnàjò. Òótọ́ ni pé ẹ mọ ilé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ lè má mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ẹni tó rán an. Ẹ bi í pé èló ni wọ́n ń san fún un lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá mú wá. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹni tí kò bá lè dáhùn rẹ̀ ní ohun tó ń fi pamọ́.

Òfin Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa gba òṣìṣẹ́ fún iṣẹ́ òkèèrè gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́. Ẹ gba orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ní kíkún àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ẹ sì lọ fi wádìí ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìjọba náà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ yín. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò láti ọ̀dọ̀ CAC nìkan kò tó, nítorí ẹni tó ń ta ìrẹsì náà lè ní i. Àwọn ibùdó ìrànwọ́ fún arìnrìn-àjò tún wà ní Èkó, Àbújá àti ìlú Benin, tí ìjọba àti IOM, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò, dá sílẹ̀, tí wọ́n ti ń gba ènìyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ọkọ̀ láti Òkè-Ògùn dé Èkó kì í ṣe kékeré, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò tó ìdá kan nínú ogún ohun tí alárinà ń béèrè.

Àmì mẹ́ta ló yẹ kó dá yín dúró lójú ẹsẹ̀: pé kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, pé Cotonou tàbí Lomé ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú láìsí ìdí tó yéni, àti pé orúkọ ìlú tí ẹ ń lọ ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé yín, orúkọ yín, ọjọ́ orí yín

Fúnra yín ni kí ẹ ṣe páspọ́ọ̀tù. Ẹ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN àti ìwé ọjọ́ ìbí, kí ẹ sì rí i pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí bára mu nínú gbogbo wọn, nítorí pé lẹ́tà kan péré tó yàtọ̀ lè fa ìdádúró. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, 100,000 náírà ni páspọ́ọ̀tù ọdún márùn-ún olójú-ewé 32, 200,000 sì ni ti ọdún mẹ́wàá olójú-ewé 64. Alárinà tó bá ní òun yóò ṣe é fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ń ra ẹ̀tọ́ láti mú un dání ni. Bí ó bá sì ní kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn aláṣẹ létí.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ara nílé ṣáájú. Àwọn ìlú Lárúbáwá ń yẹ ẹni tó bá wá ṣiṣẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, kòkòrò HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ àti oyún, ẹni tí àyẹ̀wò bá sì mú ni wọn yóò dá padà tòun ti gbèsè. Ẹ gba yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú, pẹ̀lú.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìwé wọ̀nyí, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì tó yàtọ̀ síra, kí ẹ sì tẹ ọ̀kan jáde fún ìyá tàbí bàbá tí kò lo fóònù ńlá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: físà àti ìwé àdéhùn

Físà ìbẹ̀wò kì í ṣe físà iṣẹ́, ohunkóhun tí alárinà ìbáà sọ. Ẹni tó bá fi físà ìbẹ̀wò wọ Dùbáì, tó sì ń ṣiṣẹ́, ti rú òfin. Bí ọ̀gá kò bá san owó rẹ̀, kò rọrùn fún un láti fẹjọ́ sùn. Físà iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ onígbọ̀wọ́, ìyẹn ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́. Lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní kafala, ẹ̀tọ́ yín láti gbé ní ìlú náà so mọ́ ẹni yẹn, bí ẹ bá sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìbófinmu, ó lè fi yín sùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sá. Òfin kò rí bákan náà níbi gbogbo. Kàtár mú ìwé àṣẹ ìjáde, èyí tí òṣìṣẹ́ máa ń gbà lọ́wọ́ ọ̀gá kí ó tó lè kúrò ní ìlú, kúrò fún òṣìṣẹ́ inú ilé ní ọdún 2020, ó sì gbà kí òṣìṣẹ́ pààrọ̀ ọ̀gá. Àtúnṣe tí Sáúdí Arábíà ṣe sí ètò yìí ní oṣù Kẹta ọdún 2021 kò kan òṣìṣẹ́ inú ilé. Ní Lẹ́bánọ́nì, òfin iṣẹ́ ọdún 1946 yọ òṣìṣẹ́ inú ilé sílẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ náà ni ọkùnrin kan ti gbé fọ́tò páspọ́ọ̀tù ọmọbìnrin Nàìjíríà kan sórí Facebook ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, tó ní òun ń tà á ní 1,000 dọ́là. Bí mo bá ní kí n mú ìlú kan fún ọmọ mi, Lẹ́bánọ́nì kọ́.

Ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ní èdè tí ẹ lè kà tàbí tí olùkọ́ abúlé lè kà fún yín. Ẹ wá nǹkan wọ̀nyí nínú rẹ̀: orúkọ àti àdírẹ́sì ọ̀gá, irú iṣẹ́, iye ènìyàn tó wà nínú ilé náà, owó oṣù ní owó ìlú yẹn, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi, ẹni tó ń san tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ fòpin sí i kí ọdún méjì tó pé. Kí ẹ lè mọ ohun tó bójú mu, òfin Kàtár ti ọdún 2017 sọ pé òṣìṣẹ́ inú ilé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́wàá lọ lójúmọ́, pé ó ní ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún. Bí wọ́n bá gbé ìwé mìíràn tí a kọ ní èdè Lárúbáwá síwájú yín lẹ́yìn tí ẹ bá dé, ẹ ní ẹ fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àdéhùn pẹ̀lú ará ilé

Owó tí a fi ránṣẹ́ láìsí ètò máa ń di owó ìnáwó òkú, ìsọmọlórúkọ àti aṣọ ẹbí. Kí ẹ tó lọ, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn tó kù nílé, kí ẹ sì pín owó náà lórí ìwé: èló ni ti oúnjẹ, èló ni ti ọmọ, èló ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Èyí tó kẹ́yìn yìí, orúkọ ara yín ni kí ó wà nínú àkáǹtì tó ní BVN yín, kì í ṣe orúkọ ẹ̀gbọ́n. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti wà ní abúlé pẹ́ dára pẹ̀lú, bí akọ̀wé rẹ̀ bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ lóòótọ́.

Ẹni tó bá fi ọmọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ilé ìwé náà sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún yan ọ̀rọ̀ kan tí yóò jẹ́ àmì ewu láàárín yín, nítorí pé ọ̀gá lè máa tẹ́tí sí ìpè yín. Ẹ lè fẹnu kò pé bí ẹ bá béèrè bóyá ewúrẹ́ Màmá ti bí, kí ará ilé mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn aláṣẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: nígbà tí ẹ bá dé, àti bí wàhálà bá dé

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi àdírẹ́sì ilé náà ránṣẹ́ sílé nípasẹ̀ àmì ibùdó lórí WhatsApp. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́, wákàtí tí ẹ jí àti èyí tí ẹ sùn, àti owó tí wọ́n san, nítorí ìwé yìí ni ẹ̀rí yín bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́. Bí ọ̀gá bá béèrè páspọ́ọ̀tù fún ìforúkọsílẹ̀, ẹ fún un, ṣùgbọ́n ẹ gbà á padà lẹ́yìn náà; ní Kàtár, ọ̀gá tó bá mú páspọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́ pamọ́ lè san ìtanràn tó tó 25,000 ríyàlì. Ẹ gba owó oṣù nípasẹ̀ báńkì bó bá ti lè ṣeé ṣe, kí ẹ má sì gbà kí ọ̀gá «bá yín tọ́jú rẹ̀» títí ọdún méjì yóò fi pé.

Bí wọn kò bá sanwó, bí wọ́n bá ń lù yín, bí wọ́n bá tì yín mọ́lé, ẹ má ṣe gba iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ tó sá bẹ́ẹ̀ ló tún bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò ènìyàn mìíràn. Ẹ́ńbásì Nàìjíríà wà ní Riyadh (Sáúdí Arábíà), Doha (Kàtár), Abu Dhabi (orílẹ̀-èdè kan náà pẹ̀lú Dùbáì), Kùwéìtì àti Beirut (Lẹ́bánọ́nì). Ẹ há nọ́ńbà rẹ̀ sórí kí ẹ tó kúrò nílé. Ará ilé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí wọ́n pe NAPTIP, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 láti gbógun ti òwò ènìyàn, lórí 627, tàbí kí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Èkó tàbí Òṣogbo, pẹ̀lú ẹ̀dà páspọ́ọ̀tù, orúkọ alárinà àti àdírẹ́sì ilé tí ọmọ wọn wà. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ fọ́tò ìwé. Ẹ̀bẹ̀ tí kò ní nọ́ńbà páspọ́ọ̀tù nínú kì í tètè rìn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìpadàbọ̀

Oṣù mẹ́ta ṣáájú òpin àdéhùn ni kí ẹ ti sọ ọ́ ní kíkọ pé ẹ ń lọ sílé, kí ọ̀gá má baà sọ ìwé yín di tuntun láìbi yín. Ẹ ṣírò ohun tó kù tí wọ́n jẹ yín: owó oṣù tó ṣẹ́kù, ọjọ́ ìsinmi tí ẹ kò lò, àti owó ìparí iṣẹ́, tí òfin Kàtár ní kò gbọdọ̀ dín ní owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ọdún kọ̀ọ̀kan fún òṣìṣẹ́ inú ilé. Ní Kàtár, ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán ṣáájú ìrìnàjò ni òṣìṣẹ́ inú ilé gbọ́dọ̀ fi ìlọ rẹ̀ tó ọ̀gá létí. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tó sọ pé ẹ ti gba gbogbo owó yín kí owó náà tó wọ àkáǹtì, bí wọ́n tilẹ̀ ní ọkọ̀ ń dúró dè yín níta. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ara yín kí ẹ tó gbéra, kí ẹ má ṣe kó o sínú àpò, kí ẹ sì fi ìwé àdéhùn àtijọ́ àti ìwé kékeré yín pamọ́, nítorí pé bí ẹ bá tún fẹ́ lọ, òun ni ẹ ó fi bá ọ̀gá tuntun nájà.